Dùùrù Mẹ́rin fún Etí Kan

Láti ìgbà tí mo ti padà sí Houston, ohun kan náà ni gbogbo ẹni tó bá pàdé mi ní ṣọ́ọ̀ṣì ń béèrè: fọ́tò. Wọ́n gbọ́ pé mo lo oṣù márùn-ún nílẹ̀ Yúróòpù, pé ìwé ni mo lọ kà, wọ́n sì mọ̀ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó bá lọ bẹ́ẹ̀ kì í fi òpin ọ̀sẹ̀ jókòó sójú kan. Paríìsì ni wọ́n ń retí. Ṣùgbọ́n bí mo bá ṣí fóònù mi, fèrè ni wọ́n ń rí, irú èyí tó ń mú dùùrù ńlá ṣọ́ọ̀ṣì dún: fèrè onítánganran, fèrè òjé, fèrè igi, èyí tó kéré bí ìka ọmọ tuntun àti èyí tí àgbàlagbà lè dúró sínú rẹ̀. Màmá kan wò ó títí, wọ́n wá ní, “Rónkẹ́, ṣé ilé iṣẹ́ epo lo lọ ni?”

Mo kọ èyí kí n lè sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, torí kò rọrùn fún mi láti máa tún un sọ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ọkọ̀ tí wọ́n ń wọ̀ àti iye tí wọ́n ń san, kò ní rí i níbí.

*

Etí tó rán mi níṣẹ́

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni bàbá mi nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ dùùrù ní ìjọ Aládùúrà kan ní Ìbàdàn. Ẹ mọ̀ pé àwa kì í wọ bàtà wọ ilé Ọlọ́run, nítorí náà ìka ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi kọ́ àwọn pátákó ìsàlẹ̀ tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀. Títí di òní, wọ́n máa ń ní ẹni tó bá wọ bàtà tẹ dùùrù dà bí ẹni tó wọ ìbọ̀wọ́ jẹ ọbẹ̀ ilá.

Nígbà tí wọ́n dé Houston, kíbọ́ọ̀dù kékeré ni wọ́n bá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Iṣẹ́ tí wọ́n rí wà ní Deer Park lẹ́bàá Houston, ní ilé iṣẹ́ kẹ́míkà kan, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ẹ̀rọ ńlá tó ń ti gáàsì gba inú páìpù. Ariwo ibẹ̀ ń jẹ etí, gbogbo òṣìṣẹ́ sì ní ohun tí wọ́n fi ń dí etí. Bàbá mi náà ní tiwọn. Ṣùgbọ́n wọ́n máa ń yọ ọ́. Wọn kò nílò ju kí wọ́n dúró ti ẹ̀rọ kan fún ìṣẹ́jú kan lọ kí wọ́n tó sọ pé béárìn apá òsì ti ń rẹ̀ ẹ́, bẹ́ẹ̀ ló sì máa ń rí bí wọ́n bá tú u. Àwọn ọ̀gá wọn kò sọ pé kí wọ́n yọ ọ́. Àwọn fúnra wọn ni kò lè farada kí nǹkan máa dún kí wọ́n má gbọ́ ọ. Ọdún mọ́kàndínlógún ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀. Etí òsì kọ́kọ́ kú. Ọ̀tún ń tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀, dókítà sì sọ pé kò sí ẹni tó mọ ọjọ́ tó máa parí.

Èmi nìkan ni mo jogún àìsàn dùùrù yẹn lára wọn. Láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń ka ìwé nípa rẹ̀ nínú yàrá wa ní Fondren, àdúgbò wa ní Houston. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, ṣùgbọ́n bí mo bá wo àmì tótòtó lára fèrè, mo lè sọ bóyá òjé ló pọ̀ jù nínú rẹ̀ tàbí tánganran. Nígbà tí yunifásítì mi fún mi láyè láti lọ lo sáà kan ní Groningen, ní àríwá Netherlands, bàbá mi fa ìwé àjákọ kan yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Láti ìgbà èwe wọn ní Ìbàdàn ni wọ́n ti fi ọwọ́ da orúkọ àwọn fèrè dùùrù Yúróòpù kọ sínú rẹ̀ láti inú ìwé láíbìrì. Wọ́n fi bírò pupa yí dùùrù mẹ́rin ká.

Wọ́n ní, “Mi ò ní kí o ra nǹkan kan bọ̀. Gba ohùn àwọn mẹ́rin yìí sílẹ̀ fún mi, kí etí yìí tó tì.”

Mo ra ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kan tó lè gba ohùn tó bá nípọn, torí ti fóònù kò lè gba ìdajì ohun tí fèrè ńlá ń sọ.

*

Màmá Hilje àti bàtà mi

Òfuurufú Groningen rẹlẹ̀ bí àjà ilé. Ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ débi pé ẹ máa rí ṣọ́ọ̀ṣì abúlé kan ní wákàtí kan kí ẹ tó dé ibẹ̀, pàápàá bí ẹ bá ń gun kẹ̀kẹ́ tí atẹ́gùn sì kọjú sí yín. Orí òkìtì tí àwọn ará àtijọ́ kó jọ nítorí omi òkun ni wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tí dùùrù àkọ́kọ́ wà sí, àwọn ilé sì yí i ká bí ọmọ adìyẹ.

Màmá kan tó ń jẹ́ Hilje ló ni kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Wọ́n ga, wọn kì í rẹ́rìn-ín, wọ́n sì bọ̀ mí lọ́wọ́ bí ẹni tó ń fa okùn agogo. Bí wọ́n ti ṣílẹ̀kùn, mo bọ́ bàtà mi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹsẹ̀ mi ló ṣe é, kì í ṣe èmi. Òkúta ibojì ni gbogbo ilẹ̀ inú ilé náà, òtútù rẹ̀ sì ń wọnú eegun. Màmá Hilje wo ẹsẹ̀ mi, wọ́n jáde láìsọ̀rọ̀. Mo rò pé mo ti ṣẹ̀ wọ́n. Ìgbà tí wọ́n padà dé, ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn tó jẹ́ ti ọkọ wọn olóògbé ló wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n rò pé bàtà ló ń dùn mí. Mo ṣàlàyé pé nínú ìjọ tiwa, a kì í wọ bàtà níwájú Ọlọ́run. Wọ́n rò ó díẹ̀, wọ́n ní, “Òtútù ilé yìí ò mọ ìyẹn. Wọ̀ ọ́.”

Mo dúró dìgbà ìsìn ọjọ́ Àìkú. Bí ìwàásù ti bẹ̀rẹ̀, gbogbo ìlà ìjókòó bẹ̀rẹ̀ sí í fi suwíìtì míǹtì funfun ránṣẹ́ síra wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún olúkúlùkù, láìwo ojú ara wọn. Lẹ́yìn ìsìn, wọ́n gbé kọfí wá àti agolo bisikíìtì. Mo mú ọ̀kan. Mo tún na ọwọ́. Màmá Hilje rọra pa ìdérí agolo náà dé, bí ẹni tó ń pa ojú ọmọ tó sùn dé. Ọ̀kan ni wọ́n ń jẹ níbẹ̀. Èmi tí wọ́n tọ́ nínú ilé tí wọ́n ti ń bínú sí àlejò tí kò bá tún oúnjẹ bù, mo jókòó, mo di ọwọ́ mi mú, ebi sì ń pa mí.

Ohùn dùùrù yẹn kò dùn lọ́nà tí a mọ adùn sí. Ó ń wá láti imú, bí ohùn àgbà tó ń dá ènìyàn lóhùn kó tó fọ ẹnu láàárọ̀. Mo gba ìṣẹ́jú méjìlá sílẹ̀, mo fi ránṣẹ́. Lọ́jọ́ kejì màmá mi kọ̀wé sórí fóònù pé bàbá mi ti gbọ́ ọ, pé wọ́n ní o ṣeun. Mo béèrè bóyá mo lè bá wọn sọ̀rọ̀. Màmá mi ní wọ́n ti lọ síbi iṣẹ́.

*

Ẹni tí kò wá kọrin

Haarlem, ní Netherlands náà, ni ìkejì. Dùùrù ibẹ̀ ga ju ilé alájà mẹ́ta lọ, ère wúrà kún orí rẹ̀, mo sì ti mọ orúkọ gbogbo fèrè rẹ̀ láti inú ìwé àjákọ kí ojú mi tó rí i. Fèrè rẹ̀ tó gùn jù jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà méjìlélọ́gbọ̀n. Ohùn ìsàlẹ̀ pátápátá lára irú fèrè bẹ́ẹ̀ ń gbọ̀n nígbà mẹ́rìndínlógún péré láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, etí kì í fẹ́ẹ̀ gbà á. Àyà ló ń gbà á. Ó dà bí ìgbà tí ọkọ̀ tírélà bá dúró síta tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, tí gíláàsì fèrèsé sì ń gbọ̀n.

Bàbá arúgbó kan tó jókòó tì mí béèrè bóyá mo wá bá ẹgbẹ́ akọrin ni. Ó ní àwọn akọrin láti Áfíríkà máa ń wá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Mo ní rárá, dùùrù ni mo wá gbọ́. Ó mi orí tìfẹ́tìfẹ́, ó sì tún béèrè ọjọ́ tí a máa kọrin. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì tí mo wọ̀ ni wọ́n ti bi mí ní ìbéèrè yẹn. Kò sẹ́ni tó ṣe mí níbi. Wọ́n kàn ti mọ ohun tí mo wá ṣe kí n tó wọlé.

Mo jẹ ẹja tútù wọn lójú pópó, ẹja tí wọn kò sè, tí wọ́n fi àlùbọ́sà bò. Mo bu ata gígún tó wà nínú báàgì mi sí i. Ọkùnrin tó ń tà á wò mí bí ẹni tó tutọ́ sínú oúnjẹ.

Màmá mi dáhùn kíákíá lọ́tẹ̀ yìí: bàbá mi ní ohùn ìsàlẹ̀ yẹn gbọ̀n wọ́n jìgìjìgì. Inú mi dùn fún odidi ọ̀sẹ̀ kan.

*

Agogo tó ṣubú

Oṣù Kejìlá ni mo dé Lübeck, ní Jámánì. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ ti ṣú. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí mo wá, agogo ńlá méjì wà lórí ilẹ̀, wọ́n fọ́ wọ́n sì yọ́ mọ́ òkúta. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì tí iná jó ilé náà ni wọ́n já lulẹ̀. Àwọn ará ìlú fi wọ́n sílẹ̀ síbi tí wọ́n ṣubú sí. Dùùrù àtijọ́ ti jóná nínú iná náà, èyí tó wà níbẹ̀ báyìí ni wọ́n ṣe dípò rẹ̀. Bàbá mi mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ wọ́n fi bírò pupa yí i ká. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wọ́n kọ ọ́ sí i pé: “Èyí tí wọ́n tún kọ́.”

Mo jókòó láàárín àwọn ènìyàn tó wọ kóòtù dúdú. Kò sẹ́ni tó kí ẹnikẹ́ni. Nígbà tí dùùrù yẹn ṣí ẹnu, mo gbàgbé òtútù. Iná pupa kékeré tó wà lára ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ ni mo tẹjú mọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, torí ẹ̀rù ń bà mí kí bátìrì má kú. Mo ra àkàrà òyìnbó aláwọ̀ ẹyin kan, tí wọ́n fi álímọ́ńdì àti ṣúgà ṣe, mo jẹ ẹ́ nìkan lábẹ́ bíríìjì, mo sì padà sí Groningen.

Ó rẹ̀ mí tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ránṣẹ́ láìyẹ̀ ẹ́ wò. Ní ọjọ́ Ajé, màmá mi kọ̀wé pé èyí ló dára jù nínú gbogbo wọn, pé bàbá mi ní ohùn ẹsẹ̀ rẹ̀ kún dáadáa, pé omi bọ́ lójú wọn. Mo ṣí ohun tí mo fi ránṣẹ́ láti tún un gbọ́ pẹ̀lú wọn.

Ẹ̀rọ ìfọṣọ ni. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ẹ̀rọ ìfọṣọ tó wà nísàlẹ̀ ilé àwa akẹ́kọ̀ọ́, èyí tí mo gbà sílẹ̀ láti fi dán ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ wò.

*

Ohun tí Tóṣìn sọ

Mo pe àbúrò mi, Tóṣìn, tó wà ní kíláàsì kọkànlá. Mo béèrè ohun tí Daddy gbọ́ lánàá. Ó ní organ yẹn ni. Mo ní ẹ̀rọ ìfọṣọ ni.

“Sister mi, ẹ má bínú. Mommy ní kí n má sọ. Daddy fúnra wọn náà ní kí n má sọ.”

“Láti ìgbà wo?”

“Kí ẹ tó rán ti àkọ́kọ́. Wọ́n jí lọ́jọ́ kan, wọ́n ní ta ló pa fáànù.”

Nígbà náà ló sọ gbogbo rẹ̀ fún mi. Bàbá mi kò sí níbi iṣẹ́ kankan. Wọ́n ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Pátákó funfun kékeré ni wọ́n fi ń bá wọn sọ̀rọ̀ nílé. Bí ohùn tí mo fi ránṣẹ́ bá ti dé, wọn á wọ headphone, wọn á jókòó ṣánṣán ní pálọ̀, wọn á máa wo ìlà kékeré tó ń rìn lójú kọ̀ǹpútà títí tó fi máa dé òpin. Wọn á wá yọ ọ́, wọn á ní, “Ẹ kọ̀wé sí i pé mo gbọ́.” Màmá mi ló ń wá ọ̀rọ̀ ìyìn kún un.

Mo ní kó gbé fóònù fún Mommy. Mo bá wọn sọ̀rọ̀ bí mi ò ti bá wọn sọ̀rọ̀ rí. Mo ní wọ́n fi mí ṣe ọmọ ọwọ́. Wọ́n jẹ́ kí n sọ tán.

“Ta ló máa sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún ẹni tó wà lójú ọ̀nà? Kí o máa ronú rẹ̀ kí o lọ kó sẹ́nu ọkọ̀ nílùú onílùú? Ẹni tó rìnrìn àjò, ìgbà tó bá délé tó mu omi tán la ń sọ tibi fún un.”

Mo ní kí ni mo wá ń gbà sílẹ̀ fún, nígbà tí etí tó rán mi níṣẹ́ ti kú.

Màmá mi ní, “O rò pé torí etí wọn nìkan ni wọ́n ṣe rán ọ?”

Mo pa fóònù. Òjò ń rọ̀.

*

Tíì pẹ̀lú Antje

Ó ku ṣíún kí n má lọ síbi dùùrù kẹrin. Abúlé kékeré kan ni, lẹ́yìn Emden ní Jámánì, nítòsí òkun, dùùrù rẹ̀ sì wà lára èyí tó dàgbà jù lọ láyé tó ṣì ń dún. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo dìde, mo fi ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì, mo mú ìwé àjákọ tuntun kan dání.

Olùkọ́ ilé ìwé ni Antje tó ń tẹ dùùrù náà, kò ju mí lọ púpọ̀. Kí ó tó ṣí ṣọ́ọ̀ṣì, ó mú mi lọ sílé rẹ̀ mu tíì. Ó ju ṣúgà dídì sínú ife kékeré, ó da tíì gbígbóná lé e títí tó fi dún ṣáṣá, ó wá fi ṣíbí rọra da mílíìkì tó nípọn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo rò ó pọ̀. Ó pariwo díẹ̀ bí ẹni tí wọ́n tẹ̀ lẹ́sẹ̀. Wọn kì í rò ó: ìkorò ni wọ́n ń kọ́kọ́ mu, adùn wà nísàlẹ̀. Ó bu ife kejì, ó bu ìkẹta, ó bu ìkẹrin. Mo mu ún torí ojú ń tì mí. Lẹ́yìn ìkarùn-ún ló ṣàlàyé pé bí ó bá tó mi, kí n fi ṣíbí sínú ife; bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò máa bù ú títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rẹ́rìn-ín ní ọ̀sẹ̀ yẹn, mo sì sunkún mọ́ ọn. Ó gbé ife kúrò, ó mú kọ́kọ́rọ́.

Ẹwìrì wà lẹ́yìn dùùrù náà, irú ti alágbẹ̀dẹ, ṣùgbọ́n tó tóbi bí bẹ́ẹ̀dì, ẹsẹ̀ ni wọ́n sì fi ń tẹ̀ ẹ́. Iná mànàmáná ló ń ṣiṣẹ́ náà lójoojúmọ́ báyìí. Antje pa á, ó ní kí n máa tẹ̀ ẹ́ fún òun. Mo bọ́ bàtà, mo gun orí rẹ̀. Gbogbo ohùn tó jáde níwájú, abẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ mi ló ti ń jáde lọ. Bí ó bá tẹ ohùn kan, ẹwìrì á rọra wálẹ̀; bí ó bá tẹ mẹ́wàá, á jìn lábẹ́ mi bí ilẹ̀ ẹrọ̀fọ̀. Mo mọ ìwọ̀n orin náà láìlo etí. Nígbà tó parí, mo jókòó sórí ilẹ̀ mo sì kọ ọ́, ní Yorùbá, torí Yorùbá ni bàbá mi ń kà bí wọ́n bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ wọ̀ wọ́n lára. Ojú ìwé mọ́kànlá. Ọwọ́ mi ti kú kí n tó kọ ọ́ tán.

*

Lórí tábìlì wa

Bàbá mi wá pàdé mi ní pápákọ̀ òfuurufú. Wọ́n ń pariwo sọ̀rọ̀ báyìí láìmọ̀. Àwọn ènìyàn ń yíjú wò wá. Màmá mi fọwọ́ kàn wọ́n lápá, wọ́n sì sọ ohùn wọn kalẹ̀ bí ẹni tí wọ́n bá wí. Láti ibẹ̀, a wa ọkọ̀ lọ tààrà sílé ní Fondren.

Mo mu omi. Lẹ́yìn náà ni mo gbé ìwé náà síwájú bàbá mi lórí tábìlì oúnjẹ. Mo ti kọ ti àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yòókù kún un. Wọ́n wọ awò ojú, wọ́n kà á láti òwúrọ̀ di ọ̀sán, ìka wọn ń rìn lábẹ́ ọ̀rọ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín níbi ìdérí agolo bisikíìtì. Níbi ẹ̀rọ ìfọṣọ, wọ́n dúró, wọ́n wo màmá mi, wọ́n sì ń kà á lọ.

Nígbà tí wọ́n tán, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí.

“Ti Lübeck. Nígbà tí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ gbé ọwọ́ kúrò níkẹyìn, báwo ló ṣe pẹ́ tó kí ohùn náà tó kúrò nínú ilé?”

N kò mọ̀ ọ́n. Iná pupa ni mo ń wò. Mo kọ ọ́ sórí pátákó funfun pé mi ò ka ìṣẹ́jú àáyá rẹ̀. Wọ́n mi orí, wọ́n yọ awò wọn, mo sì rí i lójú wọn pé èyí gan-an ni wọ́n ń wá nínú gbogbo ojú ìwé tí wọ́n ti kà.

Mo dìde, mo mú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ nínú báàgì. Lübeck gidi ṣì wà nínú rẹ̀, n kò tíì fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Mo wọ headphone, mo sún un dé òpin, mo sì gbé ọwọ́ mi sókè níwájú wọn, mo dì í ní ẹ̀ṣẹ́. Bí ohùn ìkẹyìn ti já, mo bẹ̀rẹ̀ sí í na ìka, ọ̀kan fún ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan. Èjì. Ẹ̀ta. Ẹ̀rin. Àrún. Ọwọ́ kan tán, mo gbé èkejì. Ẹ̀fà. Bàbá mi sún mọ́ tábìlì, wọn kò ṣẹ́jú. Ní èje, ohùn náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, n kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ bóyá òun ni mò ń gbọ́ tàbí ìmí àwọn tó wọ kóòtù dúdú.

Mo na ìka kan sí i.